Abọ́ Ìrẹsì Ìyá Malsun

Láàárọ̀ ọdún ìkórè Chuseok ní Korea, nílé ìyá ọkọ rẹ̀, Malsun bu abọ́ ìrẹsì tuntun kan fún ìyá tirẹ̀ tó ti kú, ó gbé e sáàárín abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ àwọn baba ńlá ọkọ rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ figbe ta. "Ìyàwó, ta ló ni èyí?"

"Ìyá tó bí mi ni, mà. Kò bí ọkùnrin tó máa bọ ọ́."

"Ṣé búkà ni ibí, tí òkú ilé onílé fi ń wá jẹun?"

"Èmi ni mo mọ gbogbo songpyeon, àkàrà ìrẹsì ọdún yìí, látàná, tí àwọn ọmọkùnrin yín ń sùn. Tí ìyá mi ò bá jẹ, ẹnikẹ́ni ò ní í jẹ."

Ó sì forí balẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ń kó àwọn ọmọ lọ sọ́dún nílé ìyá bàbá wọn, wọn kì í mú Malsun dání mọ́.