Ọjọ́ tí Ìyẹ́ Fẹ́ Hù Lẹ́yìn Àbúrò Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi kí n tó gbàgbé. Mo lálàá kan mọ́jú òní, ara mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin gan-an ni ó sì yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọlé ọkọ lónìí, tó bá dọ̀la ẹ ti ń han orúkọ àbúrò ọkọ yín gbàràgàdà bí ẹni ń pe adìyẹ. Nígbà tiwa, ọmọ tá a bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ìkókó, a kì í pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tiwa la máa fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe Bàbá Ìbídùn, àbúrò ọkọ mi tó wà ní yàrá iwájú yẹn, ní Labalábá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo dé ilé yìí, kò lè dúró síbì kan. Á bà lé ìdí ìkòkò, á bà lé orí àpótí, kí n tó ṣẹ́jú ó ti dé orí ẹní mi. Ó di ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò jáde lẹ́nu mi rí títí di àná.

Nínú àlá náà, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń bó ẹ̀gúsí. Ni ọ̀pọ̀lọ́ kan bá yọ, ó dé fìlà, ó há fáìlì sábíyá, ó ń yan fanda lójú mi. Mo wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Ìyá Adéwùsì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ yí mi láta. Wọ́n ń pè yín ní Ilé-iṣẹ́ Ìtumọ̀."

Mo ní kò burú. Mo gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró mi, mo tẹ̀ lé e. Bá a ṣe ń lọ, mo ní kó jẹ́ ká jókòó sinmi díẹ̀, orúnkún ń dùn mí. Ó ní òun ò lè jókòó.

Ó ní, "Òfin tuntun ti dé, ìyá. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń ké tójò bá rọ̀, bíi tèmi làwọn ọmọ ilé-ìwé ń fò tí olùkọ́ bá ń jẹ wọ́n níyà, èmi làwọn òmùwẹ̀ ń fara wé lódò, ẹni tójú rẹ̀ bá tóbi, èmi náà ni. Wọ́n ní kí n mú ẹyọ kan. Mo mú èyí tó ń yan fanda lójú ẹlẹ́gùúsí, mo rò pé ipò ọlá ni. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń yan. Òjò rọ̀ lánàá, mi ò lè ké. Tí mi ò bá rí ẹlẹ́gùúsí lójú ọ̀nà, àfi kí n máa wá a kiri."

Mo bá a kẹ́dùn. Kò sí nǹkan míì tí mo lè ṣe.

Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Ó léfòó lókè odò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi agbálùmọ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ míì. A gun okùn náà. Èmi tí mi ò lè gun àkàsọ̀, mo gun okùn, mo sì ń kí àwọn ẹyẹ tá a pàdé.

Ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ ń jẹ́ Olóyè Ọ̀mọ̀wé Onímọ̀-ẹ̀rọ Ajíhìnrere Bándélé Òjewùmí. Pátákó orúkọ rẹ̀ gùn débi pé ìparí rẹ̀ yọ síta lójú fèrèsé. Ta ni mo rí lórí bẹ́ǹṣì? Àbúrò ọkọ mi. Ó bọ́ ẹ̀wù, ìyẹ́ méjì aláwọ̀ ìyeyè ti ń hù lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣì tutù.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi họ ẹ̀yìn, ó ń yún mi." Mo bá a họ ọ́.

Olóyè ṣí ìwé kan. "Màmá, ìwà àjẹbánu ni kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa gba ìtumọ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Labalábá jẹ́ kòkòrò. Labalábá tún ni ọmọ tí ò lè jókòó jẹ́ẹ́, àti ẹni tó ń fara wé ẹyẹ. Labalábá ni ọkùnrin yìí pẹ̀lú. Fáìlì kòkòrò ló nípọn jù, òun la gbé e fún. Tó bá dọ̀sán, ìyẹ́ ọkùnrin yìí á pé, á fò lọ. Àfi tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀ níwájú òǹtẹ̀."

Òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì gbórí sókè. Ó ní, "Kẹ́ ẹ pè é sókè o. Tàdáwà ti dí mi létí."

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn jẹ́ sí mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, odidi ọdún kan ló fi ń pọn omi kún àmù mi kílẹ̀ tó mọ́, mi ò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí n pe orúkọ rẹ̀?

Mo ní, "Bàbá Ìbídùn."

Òǹtẹ̀ ní, "Ẹ̀rí pé ó bímọ nìyẹn."

"Ọmọ ìyá ọkọ mi."

"Ẹ̀rí pé ẹ lọ́kọ."

"Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn."

"Bẹ́ǹṣì lẹ júwe." Gbogbo bá a ṣe ń wí yìí, ìyẹ́ náà ń gùn sí i.

Inú wá bí mi. Mo kọjú sí Olóyè, mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olóyè, tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀mọ̀wé, tẹ́ ẹ ń wàásù, tẹ́ ẹ sì tún ń gba iṣẹ́ afárá, èwo lẹ mú nínú rẹ̀?" Ó la ẹnu láti dáhùn, ó ní, "Mẹ̀ẹ́." Ó ti di ewúrẹ́. Obìnrin akọ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ da èèpo iṣu síwájú rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó dà bíi pé iṣẹ́ rẹ̀ ojoojúmọ́ ni.

Mo ní, "Ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Akọ̀wé ní, "Ọ̀gá lè di ewúrẹ́, màmá. Òfin kì í di ewúrẹ́."

Ewúrẹ́ náà kúrò nídìí èèpo iṣu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ fáìlì. Ó jẹ ti ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ sì jókòó lójú ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Mo sáré ti fáìlì Labalábá síwájú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ti yó. Ṣé ẹ rí wọn? Wọn á jẹ tẹni gbogbo, tó bá kan tìrẹ, ikùn wọn á kún.

Ni ọ̀sán bá pọ́n. Ìyẹ́ là gbàgà, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kúrò nílẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, ó jọ pé mò ń lọ o." Kò bẹ̀rù rárá, èmi ni ẹ̀rù ń bà. Mo fò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo pe orúkọ náà. Ẹ má wò mí lẹ́nu, mi ò ní tún un pè fún yín.

Bí mo ṣe pè é ni mo lajú. Irọ̀rí ni mo dì mú. Ilẹ̀ ti mọ́, ẹnì kan sì dáhùn lágbàlá pé, "Hẹn?"

Mo jáde. Òun náà ni, ó ń sá agbádá rẹ̀ sórí okùn, ó na apá méjèèjì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ aṣọ tútù náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú sí mi. Ẹ̀rín tó máa ń wà lójú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ẹnu ọlọ́pàá àti àwọn oníbáńkì nìkan ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn. Ìyàwó, kí ni mo ṣe yín?"