Ẹ Má Kí Bàbá Mọ́

"Bàbá, ẹ tún mi orí."

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, ló sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó fa bẹ́ẹ̀dì jáde látinú ihò ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n fi fóòmù há orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn.

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ti ń bá ọmọ aráyé jà láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pé kí wọ́n má mirí? Ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ yín ló mirí."

Ọmọbìnrin náà pa ẹ̀rín mọ́nú. "Ojú kan náà ni ẹ̀rọ yìí máa ń yà léraléra, sà. Bí orí bá sún báyìí péré, òǹkà rẹ̀ ò ní bára mu, dókítà ò sì ní rí i lò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tí mo lè gbìyànjú. Àwọn èèyàn ń dúró níta, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ààyè míì tó yọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ni kílípà já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Ọwọ́ẹ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà fi hàn pé kókó kan tó tó orí àtàǹpàkò wà nínú ọpọlọ rẹ̀, lápá òsì, ṣùgbọ́n kò sọ irú kókó tó jẹ́. Bó bá jẹ́ irú tó ń sáré jẹ ohun tó yí i ká, wọ́n á gé e gbòòrò, agbára ọwọ́ náà sì lè bá a lọ. Bó bá jẹ́ irú tó ń rọra dàgbà, wọ́n á lè yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ti òní yìí ni yóò wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ àti bí omi ṣe ń rìn níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti jẹ ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ọwọ́. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ sì ti búra fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní la orí òun. Onígbàjámọ̀ tí kò lọ́wọ́, kí ló fẹ́ máa fi ara rẹ̀ ṣe?

Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó pe ìyàwó rẹ̀ tó jókòó síta. "Mà, ṣé Bàbá máa ń mirí bẹ́ẹ̀ nílé ni?"

"Rárá o. Kí lo ń ṣe fún un níbẹ̀?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Bí ẹ̀rọ bá ti sinmi díẹ̀, mo kàn máa ń kí i látinú gbohùngbohùn pé, 'Ẹ kú ìrọ́jú, sà.'"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ó parí! O kí ọkọ mi, o wá ń retí pé kó dákẹ́? Ẹni tó ń dá àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò lóhùn!"

Ojú ti Ọwọ́ẹ̀rọ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ohùn ọmọ náà bá dún ló ń sọ pé, "Oò, ẹ ṣeun o, ọmọ mi," tó sì ń mirí sí i. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń mi ín.

"Má kí i mọ́," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Háà, mà! Àgbàlagbà? Màmá mi á ní òun ò kọ́ mi ní irú ẹ̀."

"Bó bá jáde, kúnlẹ̀ kí i títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú ihò yẹn, má kí i." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, odi ni yín títí wọ́n á fi fà yín jáde."

Wọ́n tì í padà wọlé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgbàgbà, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Ṣe ló dà bíi pé gbogbo ayé ń bá a yan odì. Nígbà tí kò wá rí ẹnì kankan dá lóhùn, ẹ̀rù tó ti ń fi àwàdà bò láti ọjọ́ yìí wá jókòó tì í. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rí ara rẹ̀ nílé, tí ìyàwó ń bá a de bọ́tìnnì. Omijé ṣàn gba ẹ̀bátí rẹ̀ wọ etí, ó ń rìn ín yìnkìnyìnkìn. Kò nù ún, kò mirí.

Kó tó dìde jókòó tán nígbà tí wọ́n fà á jáde, ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, sà! Ẹ kú ìrọ́jú o! Ẹ kú ìrọ́jú!" Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wọn. "Òǹkà yìí dáa. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú kókó náà ò pọ̀, omi sì ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀. Ọ̀nà ọwọ́ yín rèé, ṣe ni kókó náà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò jẹ ẹ́. Ó jọ irú tó ń rọra dàgbà. Mi ò tíì lè búra, ìgbà tá a bá yọ ọ́ tá a yẹ̀ ẹ́ wò la máa mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n mo rò pé mo lè yọ ọ́, kí ọwọ́ yín sì wà bó ṣe yẹ."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó gbé lé orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ ò lè wo ojú rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

"Irun ńkọ́?" ó béèrè.

"Nọ́ọ̀sì á fá apá òsì."

"Apá òsì nìkan? Kí apá ọ̀tún wá máa ṣe kí ni? Dókítà, ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lójú àwọn oníbàárà mi! Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa fá orí mi ní ìfákúfàá. Èmi fúnra mi ni màá fá a, kó dán dáadáa, kí n tó wá."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Kí ẹ tó wá síbo?"

"Síbí," Ọwọ́ẹ̀rọ̀ dá a lóhùn. "Dókítà, ọjọ́ wo lẹ ní kí n wá?"