Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Gbé Ọmọ Wa

Ẹ wò ó, mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn láti ọjọ́ tó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wa. Kò ṣe mí ní nǹkan kan o. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ kú ilé, Màmá." Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi ṣe gbójú sókè tó rí i báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tí mo ń wí yìí, ọmọ ọmọ mi ni, ọmọkùnrin tí eyín ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, tó ń rákò kiri pálọ̀. Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń pọ̀n ọ́n, mo lè ṣe gbogbo àwàdà kí n tó rí irú ẹ̀rín yẹn gbà. Àlejò wọlé, ó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùkọ́ ni, wọ́n ní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sílé àwọn èèyàn, kó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ. Mo ní kí ni? Ṣé wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìyẹn náà ni? Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú, ta ló wá kọ́ mi nílé?

Ọmọ mi ọkùnrin ló fa gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó wá fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ìyàwó bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Ó pẹ́ kí ara rẹ̀ tó yá, nígbà tí ara sì yá tán, ẹ̀rù ọmọ ló wá ń bà á. Tó bá ti gbé e, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọ á sì figbe ta. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gba ọmọ. Mo gbà á láàárọ̀, mo gbà á lálẹ́, títí ó fi jẹ́ pé yàrá mi ni gbogbo aṣọ rẹ̀ wà, ìka mi ló sì ń dì mú sùn.

Ilé ìwòsàn ló wá sọ fún ọmọ mi pé kó má tíì kó wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó á ti máa dá wà pẹ̀lú ọmọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi tó bá kọ́kọ́ kọ́ bí á ṣe dá tọ́jú rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ló bá lọ forúkọ ilé wa sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń rán àwọn olùkọ́ yìí jáde. Ó pè mí lórí fóònù, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀: "Ìyá, tí wọ́n bá ti parí ẹ̀kọ́ yẹn báyìí, mo ń bọ̀ wá kó wọn!"

Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wo ọmọ tó ń ṣeré lórí ẹní. Tí ẹ̀kọ́ bá parí, wọ́n á gbé e lọ. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà má parí láé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, obìnrin náà yọ ìwé àdéhùn kan jáde látinú báàgì. Ó ní òun àti ọ́fíìsì ló jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́, àti pé dandan ni kí òun sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nílé gbogbo tí òun bá wọ̀. Òun kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ, òun kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn. Gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ nínú ilé ló gbọ́dọ̀ jókòó sí ẹ̀kọ́, nítorí náà Màmá náà á jókòó. Ọ̀gá kan á wá láti ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan, á wò wọ́n fúnra rẹ̀, kó tó sọ pé ẹ̀kọ́ parí. Gbogbo ìyẹn ń wọ etí kan jáde ní ìkejì lọ́dọ̀ mi, àfi ìgbà tó ní òun kò gbọdọ̀ gbé ọmọ.

Mo ní, "Ẹ kò gbọdọ̀ kí ni?"

"Gbé ọmọ, Màmá. Mi ò gbọdọ̀ gbé e, mi ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ, mi ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Tí mo bá ń bá ìyá ọmọ ṣe é, ọwọ́ tèmi ló ń mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ tirẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n."

"Tẹ́ ẹ bá wá gbé e ńkọ́?"

"Wọ́n á yọ mí lẹ́nu iṣẹ́, Màmá. Wọ́n á wá olùkọ́ mìíràn, ẹ̀kọ́ á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwa méjèèjì kò jọra. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Àdéhùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, mi ò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Mo kọ́kọ́ fi oúnjẹ dán an wò. Mo se ìrẹsì, mo fi ẹran ńlá méjì lé e lórí, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó dúpẹ́ títí, ó ní òun kò lè jẹ ẹ́.

"Kí ló dé? Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

"Rárá o, Màmá. Àdéhùn ni."

"Oúnjẹ ni mo ní kẹ́ ẹ jẹ, mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ́ mi!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mu omi inú ike tó gbé wá látilé. Mo gbé oúnjẹ padà, mo jókòó, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, àti ẹran méjèèjì.

Ohun tó dùn mí jù kì í tiẹ̀ ṣe ti ọmọ nígbà náà. Ìyàwó mi ni. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wá, "bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" àti "rárá, Màmá" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Àdéhùn bá ti jókòó sórí ẹní, ẹnu rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí ni kí n ṣe tó bá sunkún? Ṣé ó ti mọ̀ mí báyìí? Ìyá Àdéhùn á gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí itan, kò ní gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́. Á ní, "Ẹ má tíì gbé e, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ojú yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ́n! Ó ti wò yín, àbí ẹ ò rí i?" Ìyàwó á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi á wà lórí àga mi, màá máa wò wọ́n.

Tí ọmọ bá sì sunkún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, mo ti dìde. Ìyá Àdéhùn á rọra ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fún un láyè díẹ̀." Nínú ilé tèmi! Ilé tí mo fi owó aṣọ rírán kọ́! Màá padà jókòó, màá kọjú sí máṣíìnì mi, màá máa tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kíkankíkan láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Nígbà tó yá, ọmọ ń lanu gba síbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo ní síbí yẹn ti tóbi jù. Wọ́n mú kékeré, ó tún gbà á. Mo ní oúnjẹ yẹn gbóná. Ìyàwó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwo, ó ní, "Kò gbóná, Màmá." Ṣé ẹ rí i? Ó ti ń dá mi lóhùn. Wọ́n ní òjòwú kì í sanra. Irọ́ ni, torí èmi sanra dáadáa, owú sì wà lára mi láti orí dé ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àdéhùn ṣe wá sọ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀gá òun ń bọ̀. Ìyàwó á wẹ ọmọ lójú ọ̀gá, á wọṣọ fún un, á fún un lóúnjẹ. Tó bá ti lè ṣe é, ó parí nìyẹn. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń hó yèè nínú fóònù nígbà tí ìyàwó sọ fún un.

Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ronú. Obìnrin yìí, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni. Ó ń kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Tí àgbà bá na ọmọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè ní òun kò gbà? Kò ṣeé ṣe. Kó ṣáà gbà á lójú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n á lé e lọ, ẹ̀kọ́ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ mi á sì wà lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá náà dé, ọkùnrin kúkurú kan tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn ṣáá. Mo fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìyá Àdéhùn dúró nítòsí ẹní. Ìyàwó wọ kíṣíìnì lọ gbé omi ìwẹ̀. Àyè mi ṣí sílẹ̀ wàyí. Mo gbé ọmọ nílẹ̀, mo rìn bá Ìyá Àdéhùn, mo figbe bọnu.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o! Ẹ bá mi gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ti mú mi!"

Mo na ọmọ sí i. Ọmọ náà ò tiẹ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ fún mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. Mo rí ọwọ́ obìnrin náà tó gbéra. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i. Ọwọ́ náà dé agbede méjì, ó dúró. Ló bá kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè gbà á."

"Ṣé ẹ fẹ́ máa wò ó kó já bọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá." Omi ti lé sí i lójú. Ọ̀gá ti fẹ́ dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n..." Ìyá Àdéhùn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jókòó. Ìyá rẹ̀ wà ńlé."

Mo pariwo pé, "Ta ló máa wá gbọmọ yìí lọ́wọ́ mi?"

"Èmi ni."

Ìyàwó ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì yẹn. Kò pariwo rárá. Ó gbé omi sílẹ̀, ó wá síwájú mi, ó ní, "Màmá, ẹ gbé ọmọ mi fún mi."

Mi ò gbọ́ "ọmọ mi" lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ọmọ" ló máa ń pè é, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò. Ẹ̀yìn tí mo ní ó ń dùn mí, ó nà ṣánṣán. Mo fa ọmọ mọ́ àyà.

Mo ní, "Ọwọ́ ẹ tutù. Ó máa gbọ̀n."

Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó tún nà á. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ yẹn. Mò ń retí kó gbọ̀n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàdúrà kó gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ọmọ yíjú, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì ju gbogbo ara sí i pátápátá, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe, tí kì í bi ẹni tó gbé e léèrè. Tí mi ò bá fi í sílẹ̀, ì bá já bọ́ lóòótọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Ó wẹ̀ ẹ́. Ó fọ ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó fọ abẹ́ ọrùn rẹ̀ níbi tí omi oúnjẹ máa ń sá pamọ́ sí. Mo wá àléébù títí, mi ò rí. Ọ̀gá ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ rí, ẹ̀kọ́ parí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Àdéhùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ láti ibẹ̀, ó wò ó ṣáá. Mo mọ irú wíwò yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wu òun náà láti gbé e. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi dùn sí i.

Ọ̀sán pọ́n, oorun ń kun ọmọ, kò sì sùn. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti yàrá mi. Mi ò dìde. Ìyàwó gbé e wọlé wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é tó fi ń sùn lọ́sàn-án? Mi ò bi olùkọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó ti mọ ìwẹ̀, ó ti mọ oúnjẹ, ó ti mọ ẹkún. Èyí nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi. Tí mo bá pa á mọ́, á máa ké lọ́sàn-án lọ́hùn-ún, ọmọ mi á sì pè mí pé, "Ìyá, ẹ máa bọ̀, apá wa ò ká a." Mo ro gbogbo rẹ̀ dé òpin. Àpò mi á ti wà nílẹ̀ ní dídì.

Ọmọ ń fi ojú rẹ̀ nu èjìká ìyá rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Má mì í. Gbogbo yín lẹ máa ń mì í. Gbé e sáyà. Fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́, rọra. Wá fi imú sí orí rẹ̀, kó o máa mí. Mí dáadáa, kó gbọ́ ọ. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí bíi tìẹ."

Ó ṣe é. Ẹkún dín, ó di ìkùnsínú, ó dákẹ́. Ọwọ́ ọmọ rọ̀ wọ̀ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó sùn fún un lójú mi, kò tiẹ̀ tó bó ṣe máa ń pẹ́ lọ́wọ́ tèmi. Inú mi ò dùn o, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ mọ́ mi. Ó dùn mí wọra.

Ìyàwó gbójú sókè, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan. "Màmá, ẹ ṣé! Ẹ ṣé gan-an ni!"

Mo ní, "Rọra sọ̀rọ̀. Wàá jí ọmọ ẹ."