Ẹyẹlé Oníyìnyín

Wọ́n ti fọ́tò náà síwájú opó náà lórí tábìlì, ó sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó rí ọkọ rẹ̀. Ó gbé abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dání lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà, áísìkirímù tí wọ́n mọ bí ẹyẹlé tó ká ìyẹ́ mọ́ra sì tò sínú rẹ̀, funfun báláú. Ọkọ rẹ̀ dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Ìyá, ṣé ẹyẹlé tiyín nìyí?" Akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọjà àti ìrísí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíì má baà lò ó, ló béèrè.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń ṣe irú ẹyẹlé kan náà, àwọn oníbàárà sì ti ń ṣí lọ bá wọn. Opó náà ló pè wọ́n lẹ́jọ́ pé kí wọ́n jáwọ́. Fọ́tò yìí nìkan ni wọ́n fi fèsì, ọjọ́ tí wọ́n yà á sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ọdún méjì gbáko kí ọkọ rẹ̀ tó fi ìrísí náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Òfin kì í sì í dáàbò bo ohun tí ará ìlú ti rí tẹ́lẹ̀.

Lọ́yà rẹ̀, tí kò dàgbà ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ, ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó wọlé. "Mọ́mì, ẹ ṣáà ní ẹ ò rántí. Ta ló máa bá àgbàlagbà jà pé ó gbàgbé?"

Àmọ́ ó rántí. Ó rántí àárọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń to ìwé sínú àpò, tó ní òun ń lọ fi ìrísí ẹyẹlé náà sílẹ̀, tí òun ìyàwó rẹ̀ sì dí i lọ́nà. Ó ní Ọlọ́run ni kí àwọn kọ́kọ́ gbé e lọ fún. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé igba ẹyẹlé lọ dúpẹ́. Áísìkirímù náà ń kán sí àwọn ọmọdé láṣọ, ọkọ rẹ̀ sì ń dápàárá pé kí wọ́n yára, ẹyẹlé tòun kì í fò, yíyọ́ ló ń yọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dé bá ọkọ rẹ̀. Ọdún méjì ni ìwé fi wà nínú àpò kó tó lọ fi í sílẹ̀.

Akọ̀wé náà yí fọ́ọ̀mù kan sí i. "Ṣé Bàbá ló kọ eléyìí?"

Òun ni. Ìbéèrè kẹfà: ṣé wọ́n ti fi ìrísí yìí han ará ìlú rí? *Rárá*, ló kọ. Ó tẹ bírò náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ọmọ purọ́ fún àlejò pé òun ò sí nílé.

Obìnrin mọ́kànlá tó ń bá a ṣe ẹyẹlé ló ń dúró de ìròyìn nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹyẹlé wa ni," ló wí. "Èmi ni mo gbé abọ́."

Akọ̀wé náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní orúkọ náà ṣì jẹ́ tiwọn. Ìrísí rẹ̀ ló ti di ti gbogbo ayé. Ó lu òǹtẹ̀. Lọ́yà rẹ̀ ń wolẹ̀.

Ìyá náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun tún rí fọ́ọ̀mù náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka wá ibi tí bírò ti wú u lẹ́yìn. Gbogbo oṣù tí ọkọ rẹ̀ fi dùbúlẹ̀, tí òun ń wẹ̀ ẹ́, tí òun ń gbàdúrà lé e lórí, kò fìgbà kan dárúkọ ọpẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó mọ̀. Nígbà tó di bírò mú, ó ti mọ ohun tí ọpẹ́ yẹn bà jẹ́, ó sì kọ *Rárá* kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ̀.