Àbàwọ́n Tó Wà Lára Àjà

"Orí mi ni kànga mi," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fi ìka gbá iwájú orí ara rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni tó ń ra ìkòkò tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti sán. "Èmi kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó ṣiṣẹ́, Màdáámù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ń ṣí ìwé aláwòrán kiri, tí wọ́n ń yọjú wo ṣọ́ọ̀bù ara wọn bí ológbò tó gbóòórùn ẹja. Ní tèmi, tí mo bá ti dijú báyìí, àrà á máa ya dé. Èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tò sórí ìlà."

Iwájú ilé ni wọ́n jókòó sí. Obìnrin tó ń fọ́nnu fún ló ni òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà lẹ́bàá títì, Màdáámù Òtẹ́ẹ̀lì sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í bínú; ojú rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì látinú. Ó fẹ́ aṣọ ńlá kan tí a fi ọwọ́ rán, èyí tí yóò gbé kọ́ sára ògiri ibi tí àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ni yóò máa rán aṣọ ìtẹ́sùn àti aṣọ fèrèsé fún gbogbo yàrá.

"Mi ò fẹ́ òdòdó," ni Màdáámù Òtẹ́ẹ̀lì wí. "Mi ò fẹ́ ẹyẹ. Mi ò fẹ́ ẹja. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi abẹ́rẹ́ ṣe rí ni mo fẹ́. Mò ń bọ̀ níparí oṣù."

"Ẹ kà á sí èyí tó ti parí."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Àǹtí Òkè ni, àbúrò ọkọ Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, onídìrí tó ń gbé òkè tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ló dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ ni, nítorí náà ó ní láti máa pè é ní àǹtí, kó sì máa fi "ẹ̀yin" bu ọlá fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ló ń fi ń há a mọ́lẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu.

"Ìyàwó wa," ni Àǹtí Òkè wí, "kànga tẹ́ ẹ ní ó wà lórí yín yẹn, ṣé omi wà nínú ẹ̀, àbí ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń dá gbé ibẹ̀?"

"Omi tiyín tó ń já lé mi lórí ti tó mi, Àǹtí Òkè."

Òótọ́ ni. Páìpù tó wà lábẹ́ bésìn tí Àǹtí Òkè fi ń fọ orí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti là, omi sì ń gba ibẹ̀ jò sára àjà yàrá tí Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ti ń ránṣọ. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà náà gbì-gbì. Ojoojúmọ́ náà ni Àǹtí Òkè ń dá a lóhùn látòkè: "Omi tó bá ti kúrò nílé mi kì í ṣe ọmọ mi mọ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níbi tó wọ̀ sí." Ọkọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ní ju gbólóhùn kan lọ, òun ló sì fi ń sin gbogbo ìjà: "Mo ti gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù, ó dijú. Kò sí àrà kankan tó ya dé. Ó tún ojú náà dì, ó dì í débi pé oorun ló gbé e lọ. Nígbà tó jí, ó fi tipá fa ìlà kan. Ìlà náà tẹ̀, ó yípo, ó di òdòdó. Ó fa òmíràn, ó di ẹyẹ. Inú bí i, ó fi ẹnu pẹ́ńsù gún bébà, ibi tó gún wá di ojú ẹja, kò sì mọ ìgbà tó fa ìrù sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Kó tó dá dúró, ṣòkòtò ló ń ká létí lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó ń kúrò níbẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí òun mọ́ kó lọ wo ara ògiri àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá. Ọ̀gá náà kò bá a jà. Ó kàn máa ń ránṣẹ́ kí i látìgbàdégbà ni: "Ẹ bá mi kí i dáadáa. Ẹ sọ fún un pé àga rẹ̀ ṣì wà nídìí ṣòkòtò." Oníbàárà ti ń dín kù. Bí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí bá bọ́, orí àga yẹn ni yóò padà sí, ọ̀gá náà yóò sì ti nu eruku orí rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Ló bá gba ìgboro lọ, ó ní òun ń lọ ra òwú. Ẹni tí kì í wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá ń wo gbogbo ayé. Ó wo táìlì ilẹ̀ báńkì títí ẹ̀ṣọ́ fi ní kó máa lọ. Ó wo ojú ẹsẹ̀ táyà nínú ẹrẹ̀ títí ọlọ́kadà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ilé kan, ó rí irin fèrèsé tó lọ́ mọ́ra wọn, ó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò?" ni ìyàwó ilé béèrè.

"Irin fèrèsé yín ni. Ẹ wò ó bó ṣe lọ́, tó tún wá pàdé ara ẹ̀ nísàlẹ̀. Ó dùn-ún wò."

"Ọkọ mi tó wà lẹ́yìn irin ńkọ́? Ṣé òun náà dùn-ún wò?"

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkùnrin kan lẹ́yìn irin, tó ń wá ẹ̀wù tí yóò wọ̀.

"Mi ò tiẹ̀ rí wọn," ó wí, òtítọ́ pọ́nńbélé sì ni.

"Ẹ ò rí mi?" Inú bí ọkùnrin náà ju ìyàwó rẹ̀ lọ. "Gbogbo bí mo ṣe tó yìí?"

Omi ọṣẹ ni ìyàwó fi dá sí ọ̀rọ̀ náà, odidi bésìn kan.

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wọlé pẹ̀lú omi lára, ó bọ́ gèlè tó rin gbingbin, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣépè fún irin, fún fèrèsé, fún ọkùnrin tí kì í tètè wẹ̀wù. Ó lajú báyìí, ojú rẹ̀ sì bá àjà.

Ó dìde jókòó.

Ó ti ń bá àbàwọ́n yìí jà tipẹ́, kò wò ó rí. Ẹni tó ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá nǹkan kì í wo bó ṣe rí. Àárín rẹ̀ dúdú bí èédú tí omi pa. Òrùka pupa rẹ́súrẹ́sú yí i ká, òmíràn tó dà bí ìpẹtà yí ìyẹn náà ká, ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ aró wá ń gba àárín wọn kọjá bí odò tó mọ ibi tó ń lọ. Àwọn oníbàárà Àǹtí Òkè tó ń pa irun láró ló fa gbogbo rẹ̀: ẹni tó fẹ́ irun pupa lónìí, arúgbó tó fẹ́ padà dúdú lọ́la, dáì gbogbo wọn ń ṣàn gba páìpù tó là. Kì í ṣe òdòdó. Kì í ṣe ẹyẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wò ó di ọ̀la, kò ní rí ẹja nínú rẹ̀.

Ó gun orí tábìlì, ó da àwòrán rẹ̀ kọ, ó tú àpò àjákù aṣọ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé wọn wẹ́wẹ́, ó ń rán wọn mọ́ra òrùka lórí òrùka. Ó ń rán, ó ń wòkè. Ó ń wòkè, ó ń rán, títí ọrùn rẹ̀ fi gan. Bó bá jáde, òkè ló ń wò tó bá ń kí èèyàn, àwọn ará àdúgbò sì ní iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ti kó sí i lórí.

Lókè, ara Àǹtí Òkè kò lélẹ̀ mọ́. Igi ìgbálẹ̀ ti dákẹ́.

"Ìyàwó yìí ò gbá àjà mọ́," ó sọ fún oníbàárà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Bí kò bá máa kú lọ, a jẹ́ pé ó ń gbèrò nǹkan."

Igun kan péré ló kù lára aṣọ náà. Àbàwọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà síhà fèrèsé ni, Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ sì ń dúró kó fi ibi tó ń lọ han òun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí orí rẹ̀ jẹ́ kànga ṣe jókòó tó ń retí ẹ̀kán omi.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ rẹ̀, tí kò tún nǹkan kan ṣe rí nínú ilé yẹn, mú púlọ́mbà wọlé. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ó parí," ó wí. "Àjà rẹ ò ní jò mọ́."

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ na sísọ́ọ̀sì di ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan páìpù yẹn, èmi àti ẹ̀ la jọ máa jà."

"Ṣebí ìwọ lo ní n pe púlọ́mbà?"

"Mo ní kẹ́ ẹ pè é nígbà yẹn, Dádì. Nígbà yẹn ti kọjá."

"Ṣé kí n máa lọ ni?" ni púlọ́mbà béèrè.

"Rárá o," ni ohùn kan dáhùn látòkè. Àǹtí Òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ oyè. "Ohun tí ìyàwó wa ò bá fẹ́ gbọ́dọ̀ dára fún ara. Púlọ́mbà, máa bọ̀. Èmi ni mo ni páìpù, èmi ni mo ní kó o tún un ṣe."

Kí oòrùn tó dé àárín orí, wọ́n ti dí ojú páìpù tó là. Àbàwọ́n kò rìn mọ́.

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ gbé ìgbéraga sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó gun òkè tó ti búra pé òun ò ní tẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ sáàárín irun tí wọ́n gé sílẹ̀. "Ọkọ mi," ó wí, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ dára látòkè délẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kó jò díẹ̀ sí i. Igun kan ló kù."

"Igun kí ni?"

Nígbà tí yóò fi dákẹ́, ó ti jẹ́wọ́ tán. Àǹtí Òkè jókòó sórí àga oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Omi ìdọ̀tí mi lẹ ń rán," ó wí. "Ẹ má ṣèyọnu, ìyàwó wa. Mi ò ní dà á sílẹ̀ fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Màdáámù bá dé, èmi náà á wà níbẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ìtàn kànga yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló kó sẹ́nu.

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ padà sísàlẹ̀ láti lọ fi orí ara rẹ̀ parí igun náà. Ó dijú, ó rán an, ó lajú, ó bá ìrù ẹja. Ó tú u kó tó hu orí. Ó fi igun náà sílẹ̀ ní funfun, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé funfun náà àrà ni.

Màdáámù Òtẹ́ẹ̀lì dé níparí oṣù bó ṣe sọ. Wọ́n ti ta aṣọ náà sára ògiri yàrá iṣẹ́. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Níbo lẹ ti rí èyí?"

"Mo kàn dijú ni, Màdáámù, orí mi ló—"

"Orí àwọn oníbàárà mi ni," ni Àǹtí Òkè wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ gbójú sókè."

Màdáámù Òtẹ́ẹ̀lì gbójú sókè. Ó wo àjà, ó wo aṣọ, ó tún wo àjà. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ ti ń gbọ́ ìró àga tí wọ́n ń wọ́ sún mọ́ ìdí ṣòkòtò.

"Ó jọ ọ́," ni Màdáámù wí, ó sì mi orí. "Ó jọ ọ́ gan-an ni. Ẹ ò fi ibì kan sílẹ̀."

Orí mímì yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Àǹtí Òkè tó wá dójú tì í rí i pé ó dà bí ìyìn, ó yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ṣé, Màdáámù. Èmi ni mo yà á. Òun kàn fi abẹ́rẹ́ tẹ̀lé mi ni."

"Ẹ̀yin lẹ yà á?" Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ gbá etí aṣọ mú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní omi kì í ṣe ọmọ yín mọ́?"

"Ó ti dàgbà, ó ti ríṣẹ́. Ọmọ mi ni." Àǹtí Òkè gbá etí kejì mú.

"Bí ẹ bá wò ó dáadáa," ni ọkọ dá sí i, ó ń tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, "ta ló fi sùúrù jẹ́ kó jò títí? Ká ní mo jẹ́ ọkọ tó ń tètè tún nǹkan ṣe, níbo lẹ ti fẹ́ rí i?"

"Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa," ni púlọ́mbà wí, ẹni tó wá mú sípánà tó gbàgbé. "Èmi ni mo gbé páìpù yẹn síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dì í dáadáa nígbà náà, kí ni gbogbo yín ì bá máa jà lé lórí?"

Aṣọ wà ní fífà láàárín obìnrin méjì, òwú ń já tá-tá, ọkọ ń bá púlọ́mbà du ẹni tó kọ́kọ́ ṣàìbìkítà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rántí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Gbogbo wọn kọjú sí i pọ̀ kó wá dájọ́.

Màdáámù Òtẹ́ẹ̀lì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Irú àbàwọ́n yìí ló wà lára ògiri mi," ó wí. "Òun ni mo fẹ́ fi aṣọ bò."