Orúkọ Tí Mo Ké Nílé Ìwẹ̀ Àtijọ́

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi Mitsuho ṣe eré ìbílẹ̀ kàbúkì nínú ilé ìwẹ̀ tí mo ti ń wẹ̀ láti kékeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ilé ìwẹ̀ ni lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń se omi ibẹ̀ kú, àwọn ọ̀dọ́ kan gbà á, wọ́n tẹ́ pákó lé ibi tí omi gbígbóná máa ń wà, wọ́n sọ ọ́ di ilé eré. Òkè Fújì tí wọ́n yà sára ògiri ṣì wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí rárá. Ogójì èèyàn ló lè jókòó síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sanra.

Èmi ni Tome, mo ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wàrà sóyà ni mo ń ṣe tà ládùúgbò Tenma ní Osaka. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà kí ìyá mi tó dùbúlẹ̀ àìsàn tí mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìwé kò wọ orí mi, orin ló kún un. Mo ń lọ ẹ̀wà, mo ń kọrin. Mo ń wẹ̀, mo ń kọrin. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àwọn ọkùnrin tó ń wẹ̀ ní òdì kejì ògiri máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi láti inú omi tiwọn, wọn ò sì rí mi rí. Orin tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyí:

*Ẹ̀wà mi wẹ̀, ó wú,*
*ó sùn sómi, ó jí,*
*ó funfun ju yìnyín orí òkè lọ,*
*ẹ gbé àwo wá o, ilẹ̀ ti mọ́!*

Nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá, ọkùnrin nìkan ló ń ṣe kàbúkì, bàbá ń kọ́ ọmọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ ilé tirẹ̀. Bí eré bá dé ibi tó gbóná, òṣèré á fẹsẹ̀ lulẹ̀, á yí orí, á ranjú, á wá dúró gbagidi bí ère. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ké orúkọ ilé rẹ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bí kò bá sí ẹni tó ké e, ìdúró náà tẹ́ nìyẹn, bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwẹ̀ wa ní tiwọn kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ìyẹn ni Mitsuho fi rí ààyè láàárín wọn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá mi fún ẹ̀wà.

Ó ní, "Màmá àgbà, mo bẹ̀ yín. Ẹ wá o, ẹ jókòó, ẹ jẹ ìrẹsì tí ẹ dì dání. Ṣùgbọ́n ẹ má lanu."

"Kí lẹnu mi fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ti gbàgbé eré ilé ìwé, àbí?"

Mi ò gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, òun ni wọ́n fi ṣe ọba àwọn ẹyẹ. Inú mi dùn jù, mo ké orúkọ rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀rù bà á, ọ̀rọ̀ inú eré fò lọ lórí rẹ̀, ó bú sẹ́kún lójú gbogbo òbí. Ọmọ Ìyá Aláriwo ni wọ́n ń pè é títí tó fi jáde ilé ìwé.

Mo ní, "Ta ni yóò wá ké fún ọ báyìí?"

"Ọ̀gbẹ́ni Hatanaka. Ogójì ọdún ló ti ń ké ní gbọ̀ngàn ńlá. Ọ̀gá wa ló lọ bẹ̀ ẹ́. Àsìkò tirẹ̀ kì í yẹ̀ rárá. Màmá àgbà, ẹ ṣèlérí."

Ó na ọmọ-ìka rẹ̀ tó kéré jù, mo na tèmi, a fi kọ́ ara wọn, a mì í lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka mi tutù fún omi ẹ̀wà. Mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ eré, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, níbi tí mo máa ń gbé agbọ̀n aṣọ mi sí láyé ijọ́un. Baba kan tó dé fìlà aláwọ̀ eérú wá jókòó tì mí. Bó ṣe ń tún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣe ni mo ti mọ̀ pé Hatanaka nìyẹn.

Mo ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ máa ké fún ọmọ mi."

"Èwo nínú wọn ni tiyín?"

"Ẹni tó ń ṣe obìnrin ẹlẹ́ja."

Ó fa ètè rẹ̀ pọ̀. "Ìyẹn? Mi ò lè ké fún ìyẹn o, ìyá."

"Torí pé obìnrin ni?"

"Rárá o. Mo ti dàgbà ju ìjà yẹn lọ. Kò lórúkọ ilé ni. Ọ̀gá wọn ti fún àwọn ọkùnrin méjì tó kù nínú eré lórúkọ tirẹ̀, wọ́n ti bá a pẹ́. Ọmọbìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí wá ni kí n ké? 'Mitsuho'? Ṣé mo fẹ́ pè é wá jẹun ni?"

"Ó mọ̀ pé ẹ ò ní ké?"

"Kò bi mí. Ọ̀gá wọn náà kò rántí. Kò ní ilé, ìyá, kí ni mo lè ṣe sí i?"

"Ta ni kò ní ilé?" Ọ̀rọ̀ náà jáde sókè débi pé àwọn tó wà níwájú yíjú padà. "Wakuiya lorúkọ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù wa! Baba ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára pákó, ó sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí bọ́ǹbù ń jó Osaka, pákó yẹn ló gbé pọ̀n bí ọmọ tó fi sáré."

"Ṣọ́ọ̀bù wàrà nìyẹn, ìyá."

"Àwọn òṣèré ńlá tiyín ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti rí orúkọ tiwọn? Ṣebí àwọn baba ńlá wọn ń ta òróró ìpara àti pọ́dà ni?"

"Òótọ́ ni," ló sọ. "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ti wàrà rí." Ó ká ọwọ́ pọ̀ sí àyà. Wọ́n sì pa iná.

Ìtàn obìnrin kan láyé ìyàn ni. Ó fi ẹja bo ìrẹsì nínú agbọ̀n, ó fẹ́ gbé e kọjá lẹ́nu ibodè fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ yìí ti yí i padà: àwọn oníbodè gun kẹ̀kẹ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ àwọn tó máa ń lẹ ìwé mọ́ ọkọ̀ tó dúró níbi tí kò yẹ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Mitsuho wá jáde. Ó kun ojú ní funfun àti pupa, ó ró kìmónò, ó wọ bàtà rọ́bà. Ẹ gbọ́, bàtà rọ́bà mi ni! Èyí tí mò ń wọ̀ fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí mo ti ń wá láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè! Mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Oníbodè ní, "Tú agbọ̀n yẹn!"

Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀. Ẹni tó máa ń gbá igi lulẹ̀ bí òṣèré bá fẹ́ dúró bẹ̀rẹ̀, pá, pá, pápápápá. Mitsuho fẹsẹ̀ lulẹ̀ pẹ̀lú bàtà mi. Ó yí orí. Mo rí i tí ojú rẹ̀ wá igun ẹ̀yìn níbi tí a wà, ó ń retí. Hatanaka ká ọwọ́ sí àyà, kò mira.

Bí mo bá fẹ́ da omi iyọ̀ òkun sínú omi ẹ̀wà kí ó lè dì, ìgbà kan wà tí èéfín orí rẹ̀ máa ń dákẹ́. Bí mo bá dà á ṣáájú, wàrà á fọ́. Bí mo bá pẹ́, á le. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń wo ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi nílé ìwé. Ọmọ náà dúró gbagidi. Igi dákẹ́. Èéfín dákẹ́. Mo fi ọmọ-ìka mi pamọ́ sínú apá aṣọ.

"WAKUIYA!"

Àwọn táìlì ògiri mọ ohùn mi láti ìgbà èwe. Wọ́n gbà á, wọ́n jù ú sí Fújì, Fújì jù ú padà. Ojú Mitsuho là sí i. Ọrùn rẹ̀ le. Ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bíi pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti baba rẹ̀, gbogbo ilé sì bú sí àtẹ́wọ́.

Nígbà tó tún dúró ní ìparí eré, mo ń fa èémí lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ohùn tó wúwo bí aago tẹ́ńpìlì: "Wakuiya!" Hatanaka kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó kàn tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn eré, Mitsuho sáré jáde tòun ti ọ̀dà lójú. Mo ti fẹ́ sá.

"Màmá àgbà, ìka dà?"

Mo yọ ọ́ síta díẹ̀díẹ̀ bí olè. Ó wò ó, ó wò mí. Omijé ń la ọ̀nà sínú ọ̀dà funfun. Ó fi tirẹ̀ kọ́ ọ.

"Ó yá, ẹ ṣèlérí míì. Ọ̀sán ọ̀la, ibì kan náà, àsìkò kan náà."

Mo fẹ́ dáhùn, ohùn kò jáde. Ó ti tán.

"Èmi á wà níbẹ̀," ni Hatanaka sọ láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ jẹ́ kí ìyá sinmi."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, mi ò lè kọrin sí ẹ̀wà, inú ni mo kọ ọ́ sí. Bí oníbàárà bá kí mi tó ní kí ló mú mi lọ́fun, mo na ìka sókè sí pákó orúkọ wa, mo rẹ́rìn-ín, mo gé wàrà rẹ̀ fún un. Kí oòrùn tó mú, baba kan tó dé fìlà aláwọ̀ eérú dúró ní òdì kejì ọ̀nà. Ó gbójú sókè ka pákó náà, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ó fi ohùn dan orúkọ wa wò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ẹlẹ́ja tó múlé tì wá yọjú, ó rò pé wàrà ló fẹ́ rà.

Ó kúkú ra méjì.