Kẹ̀kẹ́ Tí Géraud Kó Wá sí Ifangni

Ní ọjọ́ tí Géraud kó kẹ̀kẹ́ wá sí pápá bọ́ọ̀lù Ifangni, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni Ràfátù dúró sí. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó yọ ẹnu síta díẹ̀, ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ẹja tó ti rùn lórí igbá.

Nọ́ọ̀sì ni Ràfátù ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Lagbé. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í lè dé lásìkò òjò, láti lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Aguégués, lórí omi, ló dàgbà sí, níbi tí ọmọdé ti ń mọ omi í wẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ranlẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe tíríátílọ́ọ̀nù ní Grand-Popo, inú rẹ̀ sọ fún un pé eré tirẹ̀ rèé. Eré ìje mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ wẹ omi, wọ́n á bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀. Èyí kì í ṣe kékeré: kẹ̀kẹ́ nìkan jẹ́ àádọ́rùn-ún kìlómítà, èèyàn yóò sì tún sáré lẹ́yìn rẹ̀, ìrìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Ifangni dé Àjàṣẹ́.

Àmọ́ kò sí ẹni tó lè wọ inú eré náà láìsí nínú ẹgbẹ́ eléré, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó sì wà lágbègbè yẹn, Géraud ni olórí rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń tà ní Àjàṣẹ́. Président ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Àwọn eléré kan ní ilẹ̀ Faransé ló fi kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Méjì nínú wọn jẹ́ dúdú, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Ọwọ́ wọn nà síwájú bí ìwo màlúù, kí ẹni tó gùn ún lè fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, kó dojú bolẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta jẹ́ aláwọ̀ eérú, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti àwọn kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́, táyà rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀. Kò sí ẹni tó bojú wo ìyẹn.

"Bon," Géraud wí, ó ń fi ọwọ́ pa ìjókòó kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá bí ẹni ń pa ẹṣin lórí. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Atẹ́gùn ni ọ̀tá wa. Ẹni tí kò bá sùn mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo èyí! Kábọ́nù tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ni láti òkè délẹ̀. Ẹ wo bí rímù rẹ̀ ṣe jìn. Voilà! Èmi ni màá gun èyí."

"Ṣé ẹ ti gùn ún rí, Président?" Ràfátù bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Gígùn kọ́ ló ṣáájú, Madame. Yíyàn ló ṣáájú."

"Ta ló wá bá yín wọ̀n ọ́n?"

"Wọn kí ni?"

"Ẹsẹ̀ yín. Apá yín. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó gbà yín."

Géraud rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn tó yí i ká kí wọ́n lè bá a rín in. "Kẹ̀kẹ́ la fẹ́ gùn, Madame, a ò fẹ́ rán ṣòkòtò."

Wọ́n bá a rín in lóòótọ́. Ràfátù kàn ń wo bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ náà yí pápá ká. Ìdí Président ń yọ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yọ̀ sósì, nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń bá pẹ́dà dé ìsàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ sì ń gbá itan ní gbogbo ìgbà tó bá dojú bolẹ̀. Àwọn kan ń fi fóònù yà á. "Ó yan kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń yan aṣọ tí wọ́n á fi ya fọ́tò," Ràfátù sọ nínú ara rẹ̀. "Ó sì yan èyí tí kò gbà á."

Kẹ̀kẹ́ dúdú kékeré ni Géraud ní kí Ràfátù mú. Ó gùn ún lọ sójú ọ̀nà Tchaada, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò gbìyànjú. Kò tíì jìnnà tí ọrùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, nítorí ó ní láti gbé orí sókè bí alábahun kó tó lè rí iwájú. Àyà rẹ̀ há, èémí kò délẹ̀. Ó ṣẹ́rí padà. Èrò tirẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ eré kúkúrú ni, èèyàn lè di eyín mọ́ ìrora kó sì débẹ̀. Àmọ́ kí èèyàn tẹ̀ síwájú fún àádọ́rùn-ún kìlómítà, kó wá bọ́ sílẹ̀ kó tún sáré, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá gba ara, á ti jẹ ẹsẹ̀ tí èèyàn fẹ́ fi sáré tán.

Ó mú kẹ̀kẹ́ eléérú. Ó jókòó lé e, apá rẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà dáadáa, ibi méjì sì wà lára rẹ̀ tí èèyàn lè há ìgò omi sí. Jíà rẹ̀ fúyẹ́ fún òkè.

"Kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì nìyẹn, Madame," Géraud wí.

"Búrẹ́dì náà á kúkú débi tó ń lọ, Président," Ràfátù dáhùn, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́, títí ọ̀wọ̀ náà fi dà bí ìfọ́tí.

Bí kẹ̀kẹ́ dúdú kékeré ṣe di ti Faridatou nìyẹn. Onídìrí ni Faridatou, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibodè Ìgòlò. Ọ̀dọ́mọbìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó lẹ irun ìpéǹpéjú, ó sì kun èékánná ní àwọ̀ ewé. Ó gba kẹ̀kẹ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Président, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. Ràfátù pòṣé. Lójú tirẹ̀, òmùgọ̀ méjì ti rí kẹ̀kẹ́ méjì.

Nígbà tó délé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Jẹ́láàní ọkọ rẹ̀, tó ń bó ọsàn lẹ́nu ọ̀nà. Ó sín Géraud jẹ, ó sín Faridatou jẹ, ó fi ìka ọwọ́ ṣe èékánná.

"Ìyá Sádíkù," Jẹ́láàní wí, "láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, mi ò tíì gbọ́ kí o yin ènìyàn kan."

"Ẹ fi ẹni tó yẹ fún ìyìn hàn mí."

Jẹ́láàní na ọsàn kan sí i.

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, ní etí òkun Grand-Popo, wọ́n to kẹ̀kẹ́ sórí àgbékọ́ ní òwúrọ̀. Ràfátù ń lọ láàárín wọn, ó ń dá ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀: èyí ṣéènì rẹ̀ ti gbẹ, èyí ẹni tó ni ín kò tíì fọ̀ ọ́ rí. Ó dé ọ̀dọ̀ ti Faridatou. Wọ́n ti yọ rímù jíjìn ẹ̀yìn àti tiwájú, wíìlì lásán ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, wọ́n sì ti ti ìjókòó síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," Faridatou kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ó ti ba ìwọ̀nba tó dára lára rẹ̀ jẹ́," Ràfátù rò. Ó mi orí sí ọmọ náà, ó kọjá lọ.

Odò Mono ni wọ́n ti wẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń súnmọ́ òkun. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá ọmọ Aguégués ṣeré. Ràfátù jáde ṣáájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọn omi nù, ó gun kẹ̀kẹ́ eléérú, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró kan lẹ́yìn, wùù, wùù, wùù, bí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo.

"À gauche, Madame! À gauche!"

Géraud ré kọjá lọ́wọ́ òsì rẹ̀ bó ṣe kígbe, ó dojú bolẹ̀, fìlà rẹ̀ tó rí ṣóńṣó lẹ́yìn dà bí ìrù ẹyẹ. Ràfátù kò yára sí i. Ó mu omi. Ó fi ojú sin ín lọ.

Afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́ bí oòrùn ṣe ń mú. Kò pẹ́ tó fi tún rí ẹ̀yìn Président níwájú. Afẹ́fẹ́ náà ń gbá rímù jíjìn rẹ̀ bí ẹni ń gbá ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ ń fì í sọ́tùn-ún fì í sósì, ẹ̀rù sì ti gbé e dìde lórí ìgbọ̀nwọ́. Ó ti jókòó ṣánṣán bí olóyè lórí àga. Gbogbo kábọ́nù yẹn, gbogbo àlàyé yẹn, àyà rẹ̀ ló wá fi ń gba atẹ́gùn. Ràfátù rẹ́rìn-ín sókè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀dà ti ṣí lójú ọ̀nà, táyà Géraud tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ gbòà.

Ràfátù bá a létí ọ̀nà, Président di ẹ̀yìn ìbàdí mú, kò lè nà tán.

"Madame," ó wí, "mo ti gbàgbé tíúbù mi sílé. Jọ̀ọ́, bá mi wá ọ̀kan."

Ràfátù dúró. Ó yọ tíúbù kan nínú àpò abẹ́ ìjókòó, ó nà án sí i, ó sì dúró kí ó lè gbádùn ohun tó mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀. Géraud yọ táyà, ó ki tíúbù bọ̀ ọ́, ó wá ẹnu rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ní apá kejì, kò rí i. Rímù náà jìn ju bí ẹnu tíúbù ṣe gùn lọ. Kò sí ibi tí pọ́ǹpù yóò ti gbá a mú.

"Kò yọ síta," Géraud wí.

"Mo rí i."

"O mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹni tó yan kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó mọ̀, Président. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé yíyàn ló ṣáájú."

Ó gba tíúbù rẹ̀ padà, ó ká a. Bó ṣe ń ká a lọ́wọ́, ẹnì kan kọjá. Kò pariwo, kò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò lọ́nà. Ó kàn kọjá bí òjìji. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, orí rẹ̀ kò mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí Ràfátù rí èékánná aláwọ̀ ewé tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ló tó mọ̀ pé Faridatou ni.

Ó fò sórí kẹ̀kẹ́ eléérú. Ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ń kéré sí i níwájú. Kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí padà, Faridatou ti ṣẹ́rí, ó ń pàdé rẹ̀ bọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, Ràfátù sì rí ojú rẹ̀ dáadáa: kò ní ìrora kankan. Ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ yẹn bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Inú Ràfátù korò. Àárín ìgbà tó fi dúró wo ìyà Géraud, ó lè sọ pé ìyẹn ló pa òun lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́, ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Níbi ìsáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì fúyẹ́. Ó lé ọ̀pọ̀ èèyàn bá, àwọn ọkùnrin tí kẹ̀kẹ́ wọn ti jẹ itan wọn tán, tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó gbé igi lé orí. Kò lé Faridatou bá. Nígbà tó débi ìparí, ọmọ náà ti wà lábẹ́ igi àgbọn, ó ń mu omi àgbọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ọrùn kò ro ọ́ ni?"

"Ó ro mí nígbà tí mo gùn ún bí Président ṣe ní kí n gùn ún." Faridatou rẹ́rìn-ín. "Èmi kò dá a lóhùn. Mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, mo gùn ún. Ó ṣì ro mí, mo tún gbé e. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí mo fi lè sùn lé e láti Ìgòlò dé Àjàṣẹ́. Wíìlì tiẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, mo bá yọ ọ́. Ẹ̀yin rò pé nítorí fọ́tò ni mo ṣe gbà á, àbí?"

Ojú Ràfátù lọ sí èékánná aláwọ̀ ewé náà.

"Mo mọ̀," Faridatou wí. "Ojú yín kì í pa nǹkan mọ́. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ro yín, ẹ sọ pé kò dára. Ẹ ò yí ẹyọ skúrù kan níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹni tó bi Géraud léèrè ìwọ̀n lójú gbogbo ayé, òun náà kò wọn nǹkan kan lára kẹ̀kẹ́ dúdú yẹn.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà, Géraud jókòó síwájú pẹ̀lú ìrọ̀rí ní ìbàdí. Ó ní àwọn ará Faransé yẹn fi kẹ̀kẹ́ burúkú tan òun jẹ. Ó ní òun ti rí òmíràn lórí fóònù, tó tún fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, tí rímù rẹ̀ tún jìn jù ú lọ.

"Kẹ̀kẹ́ kò ṣẹ̀ yín, Président," Ràfátù wí, gbogbo ọkọ̀ sì gbọ́. "Ẹ gun ẹṣin tí kò gbà yín, ẹ wá ń bú ẹṣin. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yẹn náà, ẹ má wulẹ̀ gùn ún. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, ibẹ̀ ni yóò ti wúlò fún yín."

Àwọn èèyàn pariwo ẹ̀rín. Géraud sọ nǹkan kan ní Faransé.

Ọkọ̀ kọjá Kútọnu, ó mú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ràfátù ń wo ìta, ó ń jẹ ètè. Nígbà tó ṣe, ó yí sí Faridatou tó jókòó tì í.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó wí, kò wo ojú ọmọ náà, "tí ṣọ́ọ̀bù rẹ bá ti dá, mo fẹ́ kí o fi bí wọ́n ṣe ń sùn lórí kẹ̀kẹ́ yẹn hàn mí."

Faridatou wò ó bí ẹni ń wo irun tí kò mọ̀ bóyá yóò gba dídì.

"Màá wò ó, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Tí àyè bá yọ."

Ó fi orí ti fèrèsé, ó sì sùn lọ.